Ìbéèrè Kẹtàlélógún

Mùdáṣírù kọ́ lorúkọ rẹ̀. Mo ti fọwọ́ sí ìwé pé n kò ní dárúkọ,
nítorí náà, Mùdáṣírù, tó ń lẹ táyà ní Yemẹtù,
tó wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn nínú oòrùn ọ̀sán.

Bírò méjì ni mo mú dání, ọ̀kan ti gbẹ.
Òjò àná ṣì dúró nínú gọ́tà.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe ọrùn yín?"
Ó ní omi gbígbóná ni.
"Ta ló dà á?"
Ó ti túùbù bọ inú bàsíà, ó ń wá ibi tí yóò ti hó.
"Àǹtí, omi kì í dárúkọ ẹni tó gbé e."
Mo ka ìbéèrè kẹtàlélógún sí i létí: Ta lẹ kọ́kọ́ sọ fún?
Ó wo ọlọ́kadà tó ń dúró dè é.
Mo fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo.

Káàdì rẹ̀ ní Adéọ̀yọ́ sọ pé ó ṣubú ní balùwẹ̀.
Nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ rọra ti ilẹ̀kùn kó tó bá mi sọ̀rọ̀:
"Ọkùnrin márùn-ún ló ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù yìí.
Irú balùwẹ̀ wo ló ní eyín,
tó ń gé èèyàn jẹ léjìká?"
Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò rín in tán.

Àwọn ará àgbàlá ti rín tiwọn.
Ìyàwó Ìyàwó Ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà.
Wọ́n ní ẹnìkẹta kì í dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya.
Èmi lẹnìkẹta, mo mú fọ́ọ̀mù dání.

Mo wá obìnrin náà lọ sí Òkè Àrẹ̀mọ, níbi tó ti ń ránṣọ.
Ẹkùn ni mo múra sílẹ̀ dè.
Ẹni tí mo bá wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣa bọ́tìnì nílẹ̀,
ojú pọ́n bí ẹni tí kò sùn láti ìgbà ààwẹ̀.
"Èmi ni," bí ẹni ń dá iye lé aṣọ.
Mo bi í bóyá ọkọ ló kọ́kọ́ nà án.
Mo fẹ́ kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀,
ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn gbé délé.
"Rárá. Kò fọwọ́ kàn mí rí."

Ó ní láti ìgbà tí ọmọ kẹta ti wálẹ̀ tí kò ké,
oorun ti kọ òun sílẹ̀. Àyà ń já,
orí gbóná bí áyọ̀ọ̀nù, ẹ̀jẹ̀ ń ru,
"ọwọ́ mi á sì ti débẹ̀ kí n tó dé.
N kò fi ṣe àwáwí o. Mo rí ẹ̀yìn ẹ̀.
Èmi náà ni mò ń fi ìyẹ́ adìẹ pa òògùn sí i."
Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, abẹ́rẹ́ ti gún gbogbo ìka.
"Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n ti ń wo èyí?"
Mo yẹ fọ́ọ̀mù wò láti òkè délẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò kàn mí.

Ní ọ́fíìsì, ọ̀gá mi ní, "Àwọn obìnrin tí ọkọ ń pa ńkọ́? Àwọn ló pọ̀ jù."
Òótọ́ ni. Mo mọ iye wọn.
Ẹ̀gbọ́n mi Ọlátóún wà lára wọn, koríko ò tíì hù lórí sàréè rẹ̀.
Òun ni mo gbé rìn lọ sí Yemẹtù,
n kò rí ibi gbé e kalẹ̀ sí.

Lọ́jọ́bọ̀, mo padà lọ láìmú fọ́ọ̀mù.
Mo kọ orúkọ dókítà méjì sẹ́yìn páálí sígá,
ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ọ̀kan fún oorun.
Mùdáṣírù kà á, ó ká a, ó tì í sábẹ́ fìlà.
Ó fẹ́ táyà kan tán, ó tutọ́ sí ìka,
ó fi kan ẹnu fáàfù.
"Ìbéèrè yín ọjọ́sí," ó ní, "ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin ni."
Itọ́ náà dúró díẹ̀.
Lẹ́yìn náà, ó hó.